Ilé Ni Ká Dín Kù, Kì Í Ṣe Irin: Bí A Ṣe Ń Ra Irin Ilé Lásìkò Ọ̀wọ́n Gógó

Tí owó irin bá ti fò sókè, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń bi mí ni pé, "Ọ̀gá, ṣé a ò lè fi irin 12 ṣe òpó yẹn dípò 16?" Nọ́ńbà yẹn ni ìbú irin ní mílímítà. Ẹlòmíì á ní kí n jẹ́ kí irin dẹ́kì jìnnà síra wọn díẹ̀, ká lè fi ọ̀pá mélòó kan pamọ́. Mo mọ̀ pé àìtó owó ló ń sọ ọ́, n kì í sì í bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ò yí padà rí: tí owó ò bá tó, ilé ni ká dín kù, ẹ má jẹ́ ká dín irin kù. Yàrá mẹ́ta tí irin rẹ̀ pé dára ju yàrá márùn-ún tí ẹ̀rù á máa ba ọmọ yín láti sùn lábẹ́ dẹ́kì rẹ̀ lọ.

Irin kíká ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé kíkọ́ n'Íbàdàn, kí n tó di ẹni tó ń gba odindi ilé ṣe láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí mo ṣe ń ka irin, bí mo ṣe ń rà á, àti bí mo ṣe ń gé e, kí owó àwọn tó gbé iṣẹ́ fún mi má baà ṣòfò nígbà tí ọjà bá le. Kò sí idán níbẹ̀. Ìṣirò ni, àti ojú tó là sílẹ̀.

Ohun tó ń ti owó irin sókè

A ní òkúta irin nínú ilẹ̀ wa ní Ìtakpé, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ Ajàòkúta sílẹ̀ láti máa yọ́ ọ, àmọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tíì yọ irin jáde láti inú òkúta náà. Òṣogbo náà ní iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa na irin, ó ti pẹ́ tí kò ti ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Irin tí à ń rà lọ́jà lónìí, apá kan rẹ̀ jẹ́ irin àlòkù, ìyẹn mọ́tò tó ti kú, ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ àti páànù àtijọ́, tí wọ́n ń kó jọ káàkiri ìlú tí wọ́n sì ń yọ́ ní àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní apá Ìkòròdú àti Ògijo. Apá kejì ń ti òkè òkun wá: wọ́n lè kó ọ̀pá tó ti parí wọlé, wọ́n sì lè kó irin gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní billet wọlé, kí iléeṣẹ́ ibí wá nà án.

Dọ́là ló ń gbé apá kejì yẹn wọlé. Iná mànàmáná àti dísù ló ń yọ́ apá àkọ́kọ́. Tí èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀ bá sì ti wọ́n, ẹni tó ń yọ́ irin àlòkù náà á gbé owó tirẹ̀ lé e, nítorí ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń tà sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo dọ́là kí n tó gbọ́ ti ẹnu oníṣòwò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, dọ́là kan tó wà ní bíi ₦470 ní báńkì kọjá ₦700 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Oṣù kejì yẹn náà ni àpò símẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ibi púpọ̀, tó fi di pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn iléeṣẹ́ símẹ́ńtì jókòó, tí wọ́n fẹnu kò sí pé kó wà láàárín ₦7,000 sí ₦8,000. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2022, ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti da ọjà irin àgbáyé rú, nítorí àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó ń ta irin fún ayé.

Ohun tí èyí kọ́ mi ni pé kéèyàn má jókòó máa dúró de ìgbà tí irin máa padà sí iye àná. Owó rẹ̀ máa ń yára gòkè; ìgbà tó bá máa sọ̀ kalẹ̀, ó máa ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ ni. Ibi tí agbára wa ká ni iye tí a máa rà àti bí a ṣe máa lò ó.

Ẹ ka irin yín kí ẹ tó dé ọjà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ẹnu lásán ra irin. Wọ́n á bi bẹ́ńdà, ìyẹn ẹni tó ń tẹ irin, pé, "Tọ́ọ̀nù mélòó ni ilé yìí máa jẹ?" Ìyẹn á wo òkè, á wo ilẹ̀, á ní mẹ́ta. Mẹ́ta yẹn ló máa di mẹ́rin ààbọ̀ kí dẹ́kì tó délẹ̀.

Ẹnjiníà tó ya pílánì irin yín gbọ́dọ̀ kọ ìwé irin fún yín. Inú ìwé yẹn ni ẹ ti máa rí irú irin, gígùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iye ẹyọ, bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́, ibi tí irin méjì ti máa gorí ara wọn, àti apá ibi tí gbogbo rẹ̀ ń lọ nínú ilé. Tí kò bá sí nínú ohun tó kó fún yín, ẹ padà lọ bá a, ẹ san owó rẹ̀. Owó ìwé yẹn ò tó owó irin tó máa sọnù tí ẹ ò bá ní in.

Ẹ jẹ́ kí n fi dẹ́kì yàrá kan ṣàlàyé, nítorí ibí yìí gan-an ni owó ti ń jò dànù láìfọhùn. Ká ní irin 12 ni ẹnjiníà ní ká lò, kó fi ogún sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra, níbùú àti lóròó. Ìwé irin wá sọ pé a nílò ẹyọ 19 tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.5, àti ẹyọ 22 tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3.9. Ọ̀pá irin kan jẹ́ mítà 12.

Bẹ́ńdà tó ń kánjú á mú ọ̀pá kan, á gé 4.5 kan, á gé 3.9 kan, mítà 3.6 á kù sí i lọ́wọ́. 3.6 yẹn ò tó 3.9, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà péré ló fi kù díẹ̀ káàtó. Á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á mú ọ̀pá míì. Kó tó parí yàrá náà, ó ti lo ọ̀pá 20, òkìtì irin mítà 3.6 mọ́kàndínlógún sì wà nílẹ̀ tí kò bá ibì kan mu nínú dẹ́kì náà.

Bẹ́ńdà tó fara balẹ̀ á kọ́kọ́ gé 4.5 méjì méjì lára ọ̀pá mẹ́sàn-án. Ìyẹn fún un ní 18. Á gé ìkọkàndínlógún lára ọ̀pá kẹwàá, á sì yọ 3.9 kan lára ohun tó ṣẹ́kù nínú ọ̀pá yẹn kan náà. 3.9 tó wá kù jẹ́ 21. Mẹ́ta mẹ́ta ló máa gé e lára ọ̀pá méje, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ló sì máa ṣòfò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá 17. Yàrá kan ṣoṣo rèé o, ọ̀pá mẹ́ta ti kù sápò onílé. Mítà mẹ́ta mẹ́ta tó ṣẹ́kù lára ọ̀pá mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ náà kì í ṣe pàǹtí. Tí ìwé irin bá ní irin 12 ni ká fi ṣe lẹ́ńtẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tó wà lórí fèrèsé, fèrèsé mítà 1.2 ò gbà ju mítà kan ààbọ̀ lọ, ẹyọ méjì á jáde lára ìkọ̀ọ̀kan láìṣẹ́ ku ohunkóhun.

Ríǹgì òpó, ìyẹn irin tí a tẹ̀ yí àwọn irin òpó ká, náà ní tirẹ̀. Ká ní ríǹgì kan gba sẹ̀ǹtímítà 85 pẹ̀lú ìkọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀pá irin 8 kan á mú 14 jáde. Tí bẹ́ńdà bá fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lé e nítorí pé kò fi téèpù wọn pátákó tó fi ń tẹ̀ ẹ́, 13 ló máa rí. Fún ilé tó nílò ríǹgì 320, èyí àkọ́kọ́ máa gba ọ̀pá 23, èkejì máa gba 25. Kò síyẹn nìkan: ríǹgì tó tóbi jù á sún irin sétí òpó, símẹ́ńtì tó máa bò ó á fẹ́lẹ́, omi á sì tètè rí irin. Fún ìdí yìí, kí wọ́n tó tẹ ríǹgì púpọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ṣoṣo, kí a gbé e sínú pákó òpó, kí a wò ó, ká tó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀ irin

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa pẹ́ sí jù, nítorí ìgbà ọ̀wọ́n ni irin tín-ín-rín máa ń pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á pè é ní 12, kò ní pé 12. Wọ́n á ní mítà 12 ni gígùn rẹ̀, téèpù á ní mítà 11 ààbọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Gbogbo irin tó pé ló ní ìwọ̀n tó yẹ kó wọ̀n, ìṣirò rẹ̀ ò sì le. Ẹ mú nọ́ńbà irin náà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ wá pín in sí 162. Ohun tó bá jáde ni kílò tí mítà kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀n. Fún irin 12, méjìlá lọ́nà méjìlá jẹ́ 144. Tí ẹ bá pín in sí 162, á di 0.888, ìyẹn gíráàmù 888. Irin 8 jẹ́ gíráàmù 395 fún mítà kan, irin 10 jẹ́ 617, irin 16 jẹ́ kílò kan àti 580, irin 20 jẹ́ kílò méjì àti 470. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín kí ẹ tó jáde nílé.

Láti inú èyí náà la ti mọ iye ọ̀pá tó wà nínú tọ́ọ̀nù kan tí gígùn rẹ̀ bá pé mítà 12: irin 8 jẹ́ nǹkan bíi 211, irin 10 jẹ́ 135, irin 12 jẹ́ 94, irin 16 jẹ́ 53, irin 20 jẹ́ 34. Tọ́ọ̀nù méjì ló sì wà lọ́jà: tọ́ọ̀nù orí kíkà àti tọ́ọ̀nù orí ìwọ̀n. Ti orí kíkà ni wọ́n máa ń fi tà fún wa jù. Wọ́n á ka ọ̀pá 94 fún yín, wọ́n á ní tọ́ọ̀nù kan ti pé.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ká fi mílíọ̀nù kan náírà ṣe iye tọ́ọ̀nù kan, kí ìṣirò wa lè rọrùn. Kílò kan di ₦1,000, ọ̀pá irin 12 kan di nǹkan bíi ₦10,640. Tí irin tí wọ́n pè ní 12 yẹn bá jẹ́ 10.8 ní tòótọ́, mítà kan rẹ̀ á wọ̀n gíráàmù 720 dípò 888, odindi ọ̀pá á wọ̀n kílò 8.64. Ohun tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦8,640 lẹ rà ní ₦10,640. Nínú ọ̀pá 94, kílò 188 ni kò sí níbẹ̀. Ẹ ti san owó rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, ó dáa, èmi á lọ rà á lórí ìwọ̀n, wọn ò ní lè rẹ́ mi jẹ. Òótọ́ ni, wọn ò ní rẹ́ ẹ jẹ lówó. Ṣùgbọ́n irin 10.8 ò ju ìdá mọ́kànlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún agbára irin 12 lọ. Owó yín pé, ilé yín ò pé. Nítorí náà ìwọ̀n àti ìbú la jọ ń yẹ̀ wò, a kì í mú ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀.

Gígùn náà ò ṣeé fojú fò. Ẹ rántí dẹ́kì tí a fi ṣàlàyé lókè yẹn: 3.9 mẹ́ta jẹ́ mítà 11.7. Tí ọ̀pá bá jẹ́ mítà 11 ààbọ̀, 3.9 kẹta ò ní jáde mọ́, méjì péré lẹ máa rí lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà 50 tó sọnù ti ba gbogbo ètò gígé yín jẹ́. Ìdí rèé tí mo fi máa ń na irin gbọọrọ sílẹ̀ kí n tó wọ̀n ọ́n, nítorí pé irin tí wọ́n tẹ̀ sí méjì kí tírélà lè gbé e kì í jẹ́ kéèyàn rí àbùkù.

Kálípà, ohun èlò tí a fi ń wọn ìbú irin, dára lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má fi ṣe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ara irin wa ní ilà tó yọ jáde kí símẹ́ńtì lè dì í mú. Tí ẹ bá gbé kálípà lé orí ilà yẹn, á sọ iye tó ju òótọ́ lọ; tí ẹ bá gbé e sáàárín ilà méjì, á sọ iye tó dín. Ìwọ̀n ni kì í purọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ra ẹyọ kan ṣoṣo kí n tó dárúkọ tọ́ọ̀nù rárá. Mo máa fi téèpù wọn mítà kan géérégé, mo máa fi ayùn irin gé e, mo máa gbé e sórí ìwọ̀n kékeré tí mo ń gbé kiri. Ọmọ ọjà á ní, "Ọ̀gá, irin wa pé, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú." Mo máa ń fèsì pé, "Mo gbọ́, àbúrò. Jẹ́ kí ìwọ̀n náà bá ẹ sọ ọ́." Alhaji tó ni ìsọ̀ kì í bínú sí i tó bá mọ̀ pé irin òun dáa. Èyí tó bá ń gbaná jẹ nítorí pé ẹ fẹ́ wọn irin, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, ẹ lọ sí ìsọ̀ tó kàn.

Mítà kan tí ẹ gé yẹn ṣì wúlò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní tútù, láìfi iná sí i, ká a yí gbóńgbó irin kan títí orí méjèèjì á fi kọjú síra. Irin tó dáa á tẹ̀, ara rẹ̀ á sì dán níbi tó ti tẹ̀. Tí ẹ bá rí i tó sán, tàbí tó dá sí méjì bí igi gbígbẹ, ohun tí wọ́n yọ́ pọ̀ níbẹ̀ ò dáa, ẹ má rà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ tún wá àmì iléeṣẹ́ lára rẹ̀. Àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ń béèrè pé kí iléeṣẹ́ tẹ àmì ara rẹ̀ sí ara irin tó bá ṣe. Irin tí kò lámì kò ní baba tí ẹ lè dá lẹ́bi lọ́la.

Ní ti ìpáàrà, ìyẹn irin tó dógùn-ún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi já yín láyà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi tàn yín. Èyí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lójú irin, tí ọwọ́ lè nù kúrò, kò ní kí irin má ṣiṣẹ́. Èyí tó ń ṣí ní ìpẹ́ ìpẹ́, tí irin náà ti ní kòtò lábẹ́ rẹ̀, ti jẹ nínú ara irin. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ẹ máa rí i pé kò pé mọ́.

Tí wọ́n bá ní 16 ti tán

Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ ni pé kẹ́ ẹ lo 12, pé ìkan náà ni. Kì í ṣe ìkan náà. Tí a bá ṣírò ìbú àti òró ojú ibi tí a gé irin 16 sí pọ̀, ó fẹ̀ tó 201 mm². Ti irin 12 jẹ́ 113 mm². Òpó tó yẹ kó ní irin 16 mẹ́rin, tí ẹ bá fi 12 mẹ́rin sí i, agbára irin tó kù níbẹ̀ ò ju ìdá mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Irin 12 méjì ló lè dípò 16 kan, méjì yẹn sì wọ̀n ju 16 kan lọ, ìyẹn ni pé ẹ máa náwó sí i. Tí kò bá sí ọ̀nà míì, ẹ pe ẹnjiníà yín, kí ó tún un ṣírò, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Bẹ́ńdà ò láṣẹ láti fọwọ́ sí i, èmi náà tí mo gba iṣẹ́ ò láṣẹ.

Ìgbà tó yẹ ká rà, àti ibi tó yẹ kó sùn

Náírà tó wà ní báńkì ń tín-ín-rín bí oṣù ṣe ń kọjá, irin tó wà nílẹ̀ kì í tín-ín-rín. Nítorí náà, tí ìwé irin bá ti wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ní ibi ààbò, ẹ ra irin ìpìlẹ̀ títí dé dẹ́kì sílẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé. Ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù tàbí pákó kó má fara kan ilẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bò ó lórí, kí ẹ sì fàyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ kun orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà tí gbogbo àdúgbò á mọ̀ mọ́ yín, nítorí ìgbà ọ̀wọ́n ni àwọn tó ń jí irin máa ń jáde.

Ẹ má ra irin kí ẹ fi sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó tà á. "Ẹ sanwó lónìí, ẹ wá gbé e nígbà tó bá yá" máa ń dùn létí. Mo rí onílé kan tó sanwó tọ́ọ̀nù méjì bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá gbé e, oníṣòwò ní owó ti gorí owó, pé kó mú ìyókù wá kó tó gbé e. Ìwé tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, iye owó nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí iye ọ̀pá, kò sí irú irin. Ohun tí kò bá tíì wọ inú ọgbà yín, ẹ má kà á mọ́ ohun ìní yín. Tí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ sanwó sílẹ̀, ẹ kọ irú irin, gígùn, iye ọ̀pá àti ọjọ́ tí ẹ máa gbé e, kí oníṣòwò buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí.

Símẹ́ńtì ò rí bẹ́ẹ̀ o. Símẹ́ńtì kì í dúró deni. Tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, pàápàá lásìkò òjò, agbára rẹ̀ ti ń lọ, kódà tí kò tíì dì. Ẹ ra èyí tí ẹ máa lò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ tò ó sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri, kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé kọ́kọ́ jáde. Ẹ wo nọ́ńbà ara àpò náà: láti 2014 ni SON ti ní 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, pé 42.5 ni kí a fi mọ búlọ́ọ̀kù, kí a fi da òpó àti dẹ́kì. Wọ́n lè fi 32.5 lọ̀ yín nítorí pé ó dínwó. Ẹ gbà á fún rírẹ́ ògiri, ẹ má jẹ́ kó dé òpó.

Ibi tí ilé ti ń jẹ irin jù

Ìgbà tí pílánì ṣì wà lórí bébà ni owó irin ṣeé dín kù láìpa ilé lára. Ẹ bá ẹni tó ya ilé yín jókòó, kí ẹ bi í nípa nǹkan wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀.

Pálọ̀ tó fẹ̀ tí kò ní òpó láàárín ń jẹ irin gan-an, nítorí bíìmù tó máa gbé e gbọ́dọ̀ nípọn kó sì kún fún irin. Tí ẹ bá gé mítà kan kúrò nínú ìbú pálọ̀, ẹ máa rí i nínú ìwé irin. Ògiri òkè tí kò jókòó sórí ògiri ìsàlẹ̀ náà ń fẹ́ bíìmù tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òkè àti ilẹ̀ bára mu. Báńkónì tó nà síta láìsí òpó lábẹ́, ògiri kọnkéré tó yí òrùlé ká nítorí àṣà ìgbàlódé, òpó róbótó mẹ́rin níwájú ilé tí kò gbé nǹkankan, gbogbo wọn ni irin wà nínú wọn. Mo fẹ́ràn ilé tó rẹwà, ṣùgbọ́n tí irin bá ti wọ́n báyìí, ẹwà yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ dúró.

Ìpìlẹ̀ náà ń kọ́? N'Íbàdàn, ọ̀pọ̀ ibi ló ní ilẹ̀ tó le, tí òkúta ò jìnnà sísàlẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ mo ti rí ibi tí wọ́n ti tẹ́ irin sí gbogbo abẹ́ ilé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀rù ló ya ìpìlẹ̀ náà. Ní àkùrọ̀, ẹ ò ní lè sá fún un, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Ẹ sanwó kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó dá ìpìlẹ̀. Ó lè sọ fún yín pé ẹ ò nílò irin tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè sọ fún yín pé ẹ nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyíkéyìí tó bá sọ, ẹ ti mọ ibi tí owó yín ń lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ìsàlẹ̀ nísinsìnyí kí òkè dúró de ọjọ́ iwájú, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n irin òpó tó yọrí sókè yẹn ò gbọ́dọ̀ wà níhòòhò fún ọdún púpọ̀. Ẹ po símẹ́ńtì pẹ̀lú omi kó ki, ẹ fi kùn ún yíká, kó gbẹ, kí ẹ wá fi ọ̀rá wé e, kí ẹ so ó. Ẹ máa wò ó lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ́ òkè, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á mọ́, kí ẹnjiníà wọn bó ṣe kù sí kí wọ́n tó so irin tuntun mọ́ ọn.

Bí a ṣe ń bá ara wa ṣe àdéhùn

Ìwé tí kọ́ńtírátọ̀ bá kọ fún yín gbọ́dọ̀ ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó irin, símẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta. Tèmi máa ń sọ pé iye ohun èlò tó wà níbẹ̀, ọjọ́ méje ló ní lórí, àti pé tí irin bá gbówó lórí lẹ́yìn ìyẹn, rìsíìtì la jọ máa wò. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ náà, onílé ló ni ìyókù. Kọ́ńtírátọ̀ tó bá gba gbogbo owó pọ̀ sójú kan lásìkò tí ọjà ń fò, tí ọjà bá wá fò kọjá ohun tó rò, inú irin yín ló ti máa wá èrè rẹ̀. Kò ní sọ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, Houston tàbí ibikíbi tí ẹ ti ń fowó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nílé, ẹ má bi wọ́n léèrè bóyá irin ti dé. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò hàn yín: téèpù lára ọ̀pá kan láti orí dé ìdí, mítà kan lórí ìwọ̀n kí ẹ rí nọ́ńbà rẹ̀, àmì iléeṣẹ́ lára irin, àti kíka ọ̀pá níṣojú yín. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe pé ẹ fura sí wọn, pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rà á. Kí ẹnjiníà sì wá wo irin dẹ́kì kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Tí kọnkéré bá ti bò ó, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ irin bá tán, ẹ kó gbogbo àgékù irin tó ṣẹ́kù jọ sójú kan. Èyí tó bá gùn ju mítà kan lọ, ẹ tò ó pamọ́ fún lẹ́ńtẹ̀lì àti àtẹ̀gùn. Èyí tó kúrú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ta bẹ́ńdà lọ́rẹ bó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì bá a ṣe àdéhùn rẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá wọ̀n ọ́n ní kílò, owó rẹ̀ á sì ra wáyà tí a fi ń di irin fún ìyókù iṣẹ́ náà.